Ìdógùn-ún Lára Ọ̀pá Èéfín Mọ́tò Àtijọ́

Kò sí irin lára mọ́tò tó ń jìyà tó irin tó ń gbé èéfín jáde. Ìlẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dà tó bò wọ́n, inú ẹ́ńjìnnì ní ọ́ìlì tó ń rin ín. Ṣùgbọ́n mánífóòdù, ọ̀pá èéfín àti sáláńsà wà ní ìhòhò: iná ń jó wọn láti inú, òjò àti ẹrẹ̀ ń bá wọn jà láti ìta. Lára mọ́tò òde òní, irin tó lágbára sí ìdógùn-ún ni wọ́n sábà fi ń ṣe wọ́n. Lára mọ́tò tó ti pé ọgbọ̀n ọdún sókè, ìyẹn ọjọ́ orí tí FIVA, àjọ àgbáyé àwọn onímọ́tò àtijọ́, fi ń mọ mọ́tò tó yẹ kí wọ́n tọ́jú pa mọ́, irin pẹlẹbẹ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó dógùn-ún.

Ìdógùn-ún ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá pàdé. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kò ní ṣẹlẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tó ń jáde lára irin fẹ̀ ju irin tó ti jáde wá lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wú, tó ń là, tó sì ń ṣí ní ìpele ìpele. Alumíníọ̀mù náà máa ń bá ọ́síjìn pàdé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n jọ bí máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, á sì dáàbò bo èyí tó kù nísàlẹ̀. Ti irin kò rí bẹ́ẹ̀: èèpo kan á ṣí, ara irin mìíràn á tún hàn síta, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Iyọ̀ máa ń mú gbogbo rẹ̀ yára, nítorí iná mànàmáná kékeré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìdógùn-ún, omi oníyọ̀ sì ń jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá fàlàlà. Mọ́tò tó ń gbé ní Lẹ́kkí tàbí Àgbádárìgì, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, kò lè bá èyí tó wà ní Ìsẹ́yìn dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò àtijọ́ níbẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ wọn jáde rárá títí òjò yóò fi fọ iyọ̀ náà kúrò.

Síbẹ̀, omi tó ń ti ìta wá kọ́ ni olórí ọ̀tá. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń ba ọ̀pá èéfín jẹ́. Háídírójìn àti kábọ̀n ni epo bẹntiróòlù. Bí epo bá jó, kábọ̀n á bá ọ́síjìn lọ, á di èéfín. Háídírójìn náà á bá ọ́síjìn lọ, á di omi. Kílò epo kan tó bá jó tán ń mú omi tó ju kílò kan lọ jáde. Bí a bá fi lítà ṣe ìṣirò, lítà epo kan á fi díẹ̀ dín ní lítà omi kan. Nígbà tí ọ̀pá bá gbóná, omi yìí á jáde gẹ́gẹ́ bí ooru, ojú kò ní rí i. Ṣùgbọ́n níbi tí irin kò bá tíì gbóná tó nǹkan bí 50°C, ooru náà á padà di omi, á sì máa ṣàn lára irin láti inú. Òun ni omi tó máa ń kán tótó láti ìdí ọ̀pá láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì mọ́tò.

Omi náà kì í sì í ṣe omi lásán. Imí ọjọ́ tó wà nínú epo, bó ti wù kó kéré tó, máa ń jó, á sì di ásíìdì nígbà tó bá bá omi pàdé. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iná tó gbóná gan-an. Nígbà ayé epo olójé, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1921, Thomas Midgley ti ilé iṣẹ́ General Motors rí i pé òjé máa ń dá ẹ́ńjìnnì dúró láti máa kan gbàgà-gbàgà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà wọ́n ní láti po àwọn èròjà onígbúrómínì àti oníklórínì mọ́ epo kí òjé má baà dì sínú ẹ́ńjìnnì. Èròjà wọ̀nyí gbé òjé jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n di ásíìdì mímúná nínú sáláńsà. Títí 2006, ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù Sàhárà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ nínú epo olójé tán. Algeria ló jáwọ́ kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021. Ìgbà tí òjé lọ, ọ̀pọ̀ sáláńsà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀. Ọtí tí wọ́n ń po mọ́ epo lónìí, irú èyí tó wà nínú epo E10 tó di epo gbogbogbòò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2021, tún ti dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀, nítorí ọtí máa ń fa omi mọ́ra, omi tó sì ń tinú rẹ̀ jáde fún agbára kan náà pọ̀ ju ti bẹntiróòlù lọ. Àwọn ará Brazil, tí wọ́n ti ń fi ọtí ìrèké wa mọ́tò láti ìparí àwọn ọdún 1970, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé sáláńsà ń jẹrà láti inú wá síta, àti pé ìrìn kúkúrú ló ń pa á jù. Mọ́tò tí wọ́n ń wà láti ilé dé ọjà, tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kì í gbóná débi ìdí ọ̀pá. Gbogbo omi tí ẹ́ńjìnnì bá ṣe á kóra jọ sínú sáláńsà, á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mọ́tò tó ń rin Ìbàdàn sí Èkó lójoojúmọ́ á jẹ epo ní ìlọ́po ìlọ́po, síbẹ̀ sáláńsà rẹ̀ lè pẹ́ ju ti èkejì lọ. Ibi tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ máa ń lu. Lára Peugeot 504, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, sáláńsà ẹ̀yìn ló sábà máa ń lọ ṣáájú, nígbà tí ọ̀pá iwájú ṣì le koko.

Àwọn tó ń ṣe sáláńsà kò ṣàìmọ̀ èyí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń lu ihò kékeré kan, tí kò ju imú ìṣó lọ, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa ti ibẹ̀ kán. Ẹni tí kò mọ̀ á rí omi dúdú níbẹ̀, á ní sáláńsà ti lu, á sì gbé mọ́tò lọ bá ajórin pé kó bá òun dí i. Ajórin á dí i, á gba owó rẹ̀, omi á sì dúró sínú sáláńsà láti ọjọ́ náà lọ. Ihò tó rí róbótó, tí etí rẹ̀ dán, tó sì wà ní ibi tó relẹ̀ jù, ilé iṣẹ́ ló lu ú. Èyí tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tó ń fọ́ nígbà tí wọ́n bá fi èékánná kàn án, ìdógùn-ún ló lu ú. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa fi wáyà tín-ínrín gún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ìdọ̀tí má dí i.

Ní apá tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, iná ni ìṣòro, kì í ṣe omi. Mánífóòdù lè gbóná ju 600°C lọ nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, débi pé á pọ́n ríro ní òru. Ní irú ìgbóná bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn kò nílò omi kó tó jẹ irin. Á fi èèpo dúdú bò ó, èèpo náà á sì máa já. Mánífóòdù sábà jẹ́ irin dídà tó nípọn, nítorí náà ó lè jìyà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó ń pa á jù ni kó máa gbóná kó sì tún máa tutù lójijì, pàápàá bí wọ́n bá da omi lé e nígbà tó ṣì ń gbóná. Á là. Àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń fi omi tó le wọn ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí mọ́tò bá dúró, ti ba ọ̀pọ̀ mánífóòdù jẹ́ báyìí.

Volkswagen àtijọ́ tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to ó pọ̀ ní 1975, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára, kò ní rádíétọ̀. Nítorí pé kò ní omi gbígbóná tí ì bá fi mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù, àwọn tó ṣe é fi àpótí onírin bo ọ̀pá èéfín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; afẹ́fẹ́ á gba inú àpótí náà kọjá lára ọ̀pá tó gbóná, á sì wọlé bá àwọn tó jókòó. Ọgbọ́n tó dára ni, títí ọ̀pá inú àpótí náà yóò fi lu. Bó bá ti lu, èéfín á bá afẹ́fẹ́ náà wọlé. Káábọ́nù mónọ́ksáìdì tó wà nínú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà tó lé ní igba ìlọ́po ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Orí fífọ́ àti oorun tó ń kunni nínú mọ́tò jẹ́ àmì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Ojú kò lè rí ọ̀pá inú àpótí náà láti ìta, nítorí náà bí ìta àpótí bá ti jẹrà, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu. Lílẹ̀ kò tó.

Fún mọ́tò yòówù, àyẹ̀wò kò gba ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìdúró onírin tó dájú. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Wọ́n á fi èèkù sikurudíráfà máa kan ọ̀pá àti sáláńsà jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bàù, nígbà mìíràn á sì dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀: èèpo ìdógùn-ún tó ti já ló ń mì nínú. Ojú ìjó (ibi tí ajórin ti jó irin pọ̀), ibi tí ọ̀pá ti tẹ̀, àti òkè sáláńsà níbi tí ẹrẹ̀ máa ń jókòó sí láìsí ẹni tó ń wò ó, ni kí wọ́n tẹ́tí sí jù. Bí èéfín dúdú bá wà lára ìsopọ̀ kan, èéfín ń ti ibẹ̀ sá nìyẹn. Atẹ́gùn tútù náà ń gba ibẹ̀ wọlé, mọ́tò á sì máa yìnbọn nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀-epo.

Bí irin bá ṣì le, àbò ló kàn, ìmọ́tótó ló sì ń ṣáájú àbò. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé ìdógùn-ún lórí á bá ìdógùn-ún náà já. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà tó fún ọ̀pá. Fún mánífóòdù tí wọ́n ti tú sílẹ̀, fífi iyanrìn fẹ́ ẹ dára jù. Ó ní ibi tó ti yẹ kí wọ́n ṣọ́ra: gáskẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìdìpá tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń pani. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n má sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á ní gbígbẹ. Lẹ́yìn tí irin bá ti dán, wọ́n á fi tínà nù ún kí òróró ọwọ́ pàápàá má ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ọ̀dà tó yẹ ọ̀pá èéfín ni èyí tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe, tí ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ara agolo rẹ̀ á sọ ìgbóná tó lè gbà, 600°C tàbí díẹ̀ sókè. Ọ̀dà mọ́tò lásán á jó dànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí èyí tó bá nípọn á wú. Kò tíì le nígbà tó bá gbẹ: iná ló ń sè é. Wọ́n á sítáàtì ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á jẹ́ kó tutù pátápátá, wọ́n á tún sítáàtì rẹ̀ fún ìgbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìta gbangba ni, nítorí á rú èéfín. Ẹni tó bá yára gbé e lọ sójú ọ̀nà kí ọ̀dà tó jinná á rí i tó ń já ní abala abala láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Fún mánífóòdù onírin dídà, àwọn àgbà onímọ́tò ní Yúróòpù ṣì ń lo gráfáìtì dúdú tí wọ́n fi ń kun ààrò ilé ìdáná wọn. Wọ́n á fi àkísà pa á, wọ́n á sì máa tún un pa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ títí, ṣùgbọ́n kì í já, kò sì wọ́n. Jaguar àtijọ́ ní tirẹ̀ fi tánganran dúdú bo mánífóòdù lára ẹ́ńjìnnì XK: gíláàsì tí wọ́n yọ́ mọ́ irin lára ni, gẹ́gẹ́ bí abọ́ tánganran tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ nílé àwọn ìyá àgbà. Bí abọ́ náà bá ṣubú, ibi tó bá ha níbẹ̀ ló ti ń dógùn-ún; ti mánífóòdù náà kò yàtọ̀, nítorí náà òòlù kò gbọ́dọ̀ kàn án. Àbò tuntun tí wọ́n ń fi sẹ̀ráámíìkì ṣe lágbára ju ọ̀dà lọ dáadáa, ó sì lè wà nínú ọ̀pá àti ní ìta rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní ààrò ló lè ṣe é, owó rẹ̀ sì lè ju ti ọ̀pá tuntun lọ.

Ohun méjì kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tí kò yẹ mọ́tò àtijọ́. Àkọ́kọ́ ni síǹkì, èyí tó wà lára páànù òrùlé. Ó ń dáàbò bo irin tútù dáadáa, ṣùgbọ́n 420°C péré ni ó ti ń yọ́, kó tó sì dé ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣí kúrò lára irin. Ajórin tó bá sì ń fi páìpù omi oní-síǹkì ṣe ọ̀pá èéfín láìkọ́kọ́ ha síǹkì náà kúrò á fa èéfín funfun sínú, ibà àti òtútù lè mú un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì ni aṣọ ìdìpá tí àwọn onímọ́tò eré ìje ń wé mọ́ ọ̀pá. Lóòótọ́, kì í jẹ́ kí ìgbóná jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò kan, ó di àkísà tútù tó wé mọ́ irin gbígbóná. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ bíi ti Èkó, ọ̀pá onírin lásán tí wọ́n bá wé á jẹrà lábẹ́ aṣọ náà láìsí ẹni tó rí i.

Bóòtù àti nọ́ọ̀tì kéékèèké ló sábà ń sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Bóòtù mánífóòdù tó ti dógùn-ún máa ń kán sínú orí ẹ́ńjìnnì, yíyọ èyí tó kù nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ onísùúrù. Ọ́ìlì tó ń wọnú ìdógùn-ún ni wọ́n ń fún sí i láti àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á fi iná gbóná nọ́ọ̀tì náà kó lè fẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, nọ́ọ̀tì idẹ ló dára jù, nítorí idẹ àti irin kì í dógùn-ún mọ́ ara wọn. Kí wọ́n fi gíríìsì oníbàbà pa ẹsẹ̀ bóòtù kí wọ́n tó dè é. Rọ́bà tó ń gbé ọ̀pá kọ́ sábẹ́ mọ́tò náà ṣe pàtàkì: bí ọ̀kan bá já, ọ̀pá á máa mì, ojú ìjó á là, omi á sì ti ibẹ̀ wọlé.

Nígbà tí kò bá sí àtúnṣe mọ́, ọ̀rọ̀ irú irin tó yẹ kí wọ́n rà ló kù. Owó irin lásán ló kéré jù, òun náà ló sì bá bí mọ́tò ṣe rí láti ilé iṣẹ́ mu. Irin tí wọ́n rì sínú alumíníọ̀mù yíyọ́ sàn díẹ̀. Owó tó lé lórí rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fara da ìgbóná tí síǹkì kò lè fara dà, àyàfi ojú ìjó níbi tí alumíníọ̀mù ti jó kúrò, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kùn. Irin sítéńlẹ́ẹ̀sì ló ń pẹ́ jù. Harry Brearley yọ́ irú rẹ̀ ní Sheffield ní 1913, níbi tó ti ń wá irin tí ìgbóná kò ní jẹ nínú ọ̀pá ìbọn. Kurómíọ̀mù inú rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń bá ọ́síjìn ṣe awọ fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí, awọ tó tún ń so ara rẹ̀ padà bí nǹkan bá ha á. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. Oríṣi 409 ní kurómíọ̀mù bíi ìdá 11, ìta rẹ̀ á pọ́n díẹ̀ láìjẹrà. 304 ní ìdá 18 pẹ̀lú níkẹ́lì bíi 8, ó ń dán, ó sì wọ́n. Òòfà máa ń fa 409, nítorí náà oníṣòwò tó bá fi òòfà sọ pé ayédèrú ni kò tọ̀nà. Àwọn kan ní ohùn mọ́tò àtijọ́ máa ń yí padà pẹ̀lú sítéńlẹ́ẹ̀sì, pé á máa dún bí agogo díẹ̀. Ẹni tó ń wá ipò kìíní níbi ìpàtẹ lè kà á sí; ẹni tó fẹ́ máa wa ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí láti kọ̀ ọ́.

Mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ń dógùn-ún ju èyí tó ń rìn lọ. Àṣà kan wà tó gbilẹ̀: kí onímọ́tò máa sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní gbogbo Sátidé kí bátìrì má baà kú. Bátìrì lè jàǹfààní díẹ̀, ṣùgbọ́n sáláńsà á mu omi tútù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí wọ́n wà á jáde fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ìdí ọ̀pá pàápàá yóò fi gbóná gbẹ, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó gbẹ ni kó dúró sí, kì í ṣe orí koríko, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ ń gòkè lọ bá abẹ́ ọkọ̀ lóru. Bí yóò bá dúró fún oṣù mélòó kan, wọ́n á kọ́kọ́ wà á jìnnà, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á fún ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìdí ọ̀pá, wọ́n á sì fi àkísà olóròóró dí ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù àti eku má wọ ibẹ̀. Pélébé ìwé kan á wà lára síárìnnì tó sọ pé àkísà wà nínú ọ̀pá, kí ẹlòmíràn má baà sítáàtì rẹ̀ láìmọ̀. Ní ọjọ́ tó bá máa jáde, àkísà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ọ́ìlì náà á rú èéfín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì jó tán. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ náà, nígbà tí irin bá ti tutù, wọ́n á fi sípánà kàn gbogbo nọ́ọ̀tì mánífóòdù lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọ̀kan tàbí méjì sábà máa ń tú díẹ̀.